Bí Ọkọ̀ Ṣe Dún Lẹ́nu Ọmọ Mi

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà láàárọ̀ Àbámẹ́ta yẹn, mo ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, nígbà tí ọkọ mi pè mí láti Ọ̀kà. Ìkàrẹ́ là ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó ń to bọ́tìnnì sínú agolo mílíìkì. Mo fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, mi ò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Má retí wa kíákíá o," ni ọkọ mi wí. "Ọkọ̀ yìí ń dún nídìí táyà iwájú. Mo ti pe mẹkáníìkì, ó ní irin abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ti fẹ́ gbó, pé kí n máa rọra bọ̀, tó bá di ọjọ́ Ajé òun á wò ó. Ìyá ń jẹun lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti ṣe tán, a ó máa bọ̀."

Ìyá tó bí i ló ń sọ. Ojú ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò ríran dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tó fi lọ mú wọn wá sọ́dọ̀ wa.

"Báwo ló ṣe ń dún?" ni mo bi í.

"Ó kàn ń ṣe gbì, gbì. Ṣé ìwọ lo fẹ́ tún un ṣe ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa fóònù.

Ọmọ mi ò gbórí sókè kúrò nídìí bọ́tìnnì. "Kì í ṣe gbì ló ń ṣe," ló wí. Lẹ́yìn náà ló pa ẹnu mọ́ lójijì, ó sì wo ọwọ́ mi.

Mo mọ ìdí tó fi wo ọwọ́ mi. Lánàá rẹ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wà nínú ọkọ̀ tí à ń bọ̀ nílé. Ọmọ yìí wà lẹ́yìn, ó ń fi ẹnu ṣe kọ̀, kọ̀, kọ̀, kò sinmi. Orí ń fọ́ mi. Mo ní kó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, mo yíjú padà, mo gbá a lẹ́nu. Ó sunkún, àmọ́ kò jẹ́ kí ẹkún náà dún. Nígbà tó dákẹ́ tán, ó dà bíi pé nǹkan kan ṣì ń dún nísàlẹ̀ ọkọ̀. Mo rò pé ọ̀nà ló ń dún bẹ́ẹ̀.

Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Báwo ló ṣe ń ṣe?"

Ó mi orí pé òun ò sọ.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, ṣùgbọ́n mo mọ ariwo ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ pé aṣọ ló ń fa ariwo, ibi tí aṣọ bá ti ki ló ti máa dún, ibi tó bá ti fẹ́lẹ́ yóò dákẹ́. Àmọ́ ariwo tó bá wà nídìí wíìlì ẹ̀rọ, kíkà ló ń kà. Kí wíìlì yí po lẹ́ẹ̀kan, kó dún lẹ́ẹ̀kan. Bó o bá sáré, yóò sáré. Nǹkan kan bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tèmi rí. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń rọ epo sí i lásán, àfi ìgbà tí wíìlì yọ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Gbì, gbì tí ọkọ mi wí, ti inú kòtò nìyẹn. Èyí tí ọmọ mi ń fi ẹnu ṣe lánàá ńkọ́, ṣé kíkà ló ń kà? Mi ò rántí. Orí tó ń fọ́ mi nìkan ni mo ń gbọ́ lánàá.

Mo pe ọkọ mi padà. Kò lọ. Bí fóònù ṣe máa ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Abẹ́ lọ́rì kan ló wà, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan là ń rí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá."

"Ìyàwó wa," ló dáhùn lábẹ́ ọkọ̀. "Mo ti bá ọkọ ẹ sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Kò lè pa wọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún."

"Ọkọ̀ dà?"

"Ó wà l'Ọ̀kà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ wà l'Ọ̀kà, kí n máa gbọ́ ọ n'Íkàrẹ́. Etí mi ò gùn tó bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ mi mọ̀ ọ́n fẹnu ṣe."

Ó jáde, ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó wá lóṣòó síwájú ọmọ mi. "Ó dáa, ìyá mi kékeré. Ṣe é kí n gbọ́."

Ọmọ mi sá sẹ́yìn ìró mi. Mẹkáníìkì wò mí. "Èyí náà ò sítáàtì," ló wí.

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé Ìyá lè ti jẹun tán báyìí. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí epo ọkọ̀ ti sọ di dúdú yẹn, kójú wa lè ṣe rẹ́gí.

"Ọmọ mi, èmi ni mo gbá ẹ lẹ́nu. O ò ṣe nǹkan kan. Dádì ẹ àti ìyá àgbà ń bọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn."

"Ṣé ẹ ò ní gbá mi?"

"Mi ò ní gbá ẹ."

"Ẹ fọwọ́ yín sẹ́yìn."

Mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Báyìí ni mo ṣe kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo bí, bí ọmọ iléèwé tó jẹ̀bi, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ń wò mí.

Ó di ojú. Ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó di sítíárìn ọkọ̀ mú.

"Kọ̀." Ó dúró díẹ̀. "Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀, kọ̀, kọ̀-kọ̀-kọ̀-kọ̀. Dádì ti tẹ búréèkì. Kọ̀-kọ̀, kọ̀, kọ̀. Kọ̀." Ó la ojú.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú mẹkáníìkì. "Inú kòtò ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, àbí lójú ọ̀dà tó dán?"

"Lójú ọ̀dà."

"Ẹ̀gbẹ́ Dádì ni, àbí ẹ̀gbẹ́ màmá ẹ?"

"Ẹ̀gbẹ́ Dádì."

Ó dìde. "Ìyàwó wa, ta ló fọwọ́ kan táyà yẹn gbẹ̀yìn?"

Ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláṣí ni táyà ti jò lọ́jọ́ Jímọ̀. Fọkanáísà tó wà níbẹ̀ lẹ̀ ẹ́, ó dá a padà, ó ń fi ìka yí nọ́ọ̀tì wọlé nígbà tí wọ́n pe ìrun. Ó yọ jáàkì, ó ní tí òun bá ti kírun tán òun á fi sípánà fún un pa. Òun àti ọkọ mi jọ ṣe àlùwàlá, wọ́n wọlé. Èmi ni mo rí ìdérí táyà nílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ ni mo ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ táyà, tí mo sì sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Nígbà tí wọ́n jáde, fọkanáísà rí ìdérí lójú táyà, ó rò pé ọkọ mi ti fún un. Ọkọ mi rí i, ó rò pé fọkanáísà ti ṣe tán. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, a wọkọ̀.

Mo sọ ọ́ fún mẹkáníìkì. Kò bá mi wí. Ó mú sípánà, ó gun ọ̀kadà ẹ̀.

"Máa pè é," ló wí. "Tí kò bá tíì gbéra, kó má gbéra. Tó bá ti wà lọ́nà, kó dúró kó tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè. Ibẹ̀ ni táyà yẹn á ti yọ." Ó ṣíná, ó kọrí sí ọ̀nà Ọ̀kà.

Mo pè. Ó lọ lọ́tẹ̀ yìí, ó dún títí ó fi dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Èyí bà mí lẹ́rù ju ìgbà tí kò lọ rárá. Tí ọkọ mi bá ń wakọ̀, ẹni tó bá jókòó tì í ló máa ń gbé fóònù fún. Ìyá ló sì jókòó tì í, ojú wọn kò lè rí ibi téèyàn ń tẹ̀. Wọ́n ti gbéra nìyẹn.

Mo tún pè. Mo tún pè. Ọmọ mi di aṣọ mi mú.

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ṣí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, mo ń gbọ́ tí Ìyá ń sọ pé, "Mo ti tẹ̀ ẹ́, ó ti dákẹ́." Nísàlẹ̀ ohùn wọn, mo gbọ́ ọ. Kọ̀-kọ̀-kọ̀-kọ̀.

"Òun nìyẹn," ni ọmọ mi wí.

"Ìyá," mo wí, "ẹ ní kó dúró."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ ní kó dúró."

"Ó ń wakọ̀, ọmọ mi. Ó ní ká má bá òun sọ̀rọ̀, pé a ti fẹ́ dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

"Ìyá, táyà fẹ́ yọ."

Wọn ò bi mí léèrè nǹkan kan mọ́. Wọ́n fi èdè Ọ̀kà sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sí ọmọ wọn, irú ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Kọ̀-kọ̀, kọ̀. Kọ̀. Kọ̀. Ó wá dákẹ́, mi ò sì mọ irú ìdákẹ́ tó jẹ́, títí mo fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí.

"Kí ló dé?" Inú ń bí ọkọ mi.

"Ẹ yọ ìdérí táyà ẹ̀gbẹ́ yín."

Mo gbọ́ bó ṣe ju fóònù sórí àga. Mo gbọ́ irin wẹ́wẹ́ tó bọ́ sójú ọ̀dà. Nígbà tó padà sórí fóònù, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀," ló wí. "Méjì ti tú sínú ìdérí. Méjì tó kù, ìka ni mo fi ń yí wọn."

"Ibo lẹ dé?"

"Orí òkè. A ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀."

Mẹkáníìkì bá wọn níbẹ̀. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó wọlé. Ìyá mu omi, wọ́n ní Àlùhámúdúlílàhì, wọ́n sùn. Ọkọ mi jẹun tán kó tó bi mí pé ta ló fi ìdérí yẹn bo táyà.

"Èmi ni," ni mo wí.

"Èmi náà ò wò ó," ló wí.

Nírọ̀lẹ́, bí mo ṣe ń wẹ ọmọ mi, mo fi ọṣẹ kan ẹnu ẹ̀, ó fà sẹ́yìn díẹ̀. Mo gbé kànìnkànìn sílẹ̀.

"Jọ̀ọ́, má bínú," ni mo sọ fún un. "Tó o bá tún gbọ́ nǹkan tó ń dún, sọ fún mi. Tí mo bá ní kó o dákẹ́, tún un sọ. Tó o bá rí i pé mo fẹ́ gbọ́wọ́ sókè, ní kí n fọwọ́ mi sẹ́yìn, màá fi sẹ́yìn."