Ayilo Olóòórùn Kànáfùrù

Òórùn kànáfùrù ló tú àṣírí màmá mi lónìí.

Mo kà á nínú ìwé kan pé amọ̀ gbígbẹ ní ihò wẹ́wẹ́ tójú ò rí. Ó máa ń fa òróró olóòórùn mu, á sì máa tú òórùn náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ni mo bá ra ayilo, amọ̀ funfun táwọn èèyàn ń jẹ ní Accra níbí. Mo rẹ ẹ́ sínú òróró kànáfùrù, mo kó o sáàárín aṣọ mi.

Láàárọ̀ yìí, ó ti dín kù.

Dókítà sì ti ní kí màmá mi má jẹ ayilo mọ́, torí ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó.

"Màmá, ṣé ẹ ò jẹ ayilo?"

"Èmi? Astaghfirullah! Mi ò fẹnu kàn án mọ́."

Òórùn kànáfùrù ẹnu wọn gba gbogbo yàrá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni? Mo ní mi ò jẹ ẹ́!"

Ó tún ta sánsán.

Wọ́n fọwọ́ nu ẹnu. "Kí ló dé tó o fi ba adùn ẹ̀ jẹ́ gan-an?"

Ìwé yẹn ò purọ́. Aṣọ mi nìkan ni ò ta sánsán.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ń jẹ ayilo, báwo lẹ ṣe gbà á lọ́wọ́ wọn? Èmi ti ń ronú àtirẹ èyí tó kù sínú omi ewúro.