Ẹni Tó Béèrè Ẹ̀ṣẹ̀ Mi

Àárọ̀ ọjọ́ tí ogun àwọn ọmọ ìta dé Festac, Ṣadé ìyàwó mi ń po ògì lọ́wọ́. A gbọ́ ìró kan láti apá Mazamaza, a rò pé táyà ló bẹ́. Nígbà tó tún dún, Ṣadé pa iná. A ti ilẹ̀kùn, a dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀ á rò pé ariwo ìbọn ló burú jù. Ebi ni. Ṣọ́ọ̀bù ò ṣí, gàrí ilé wa tán. Nígbà tí ìbọn sinmi díẹ̀, èmi, Ṣadé, àti Túndé tó ń gbé òkè wa gba Kuje-Amúwo lọ wá oúnjẹ.

Àwọn ọkùnrin kan tó wọṣọ ìjọba, tí wọ́n gbé ìbọn, dá wa dúró. Ọ̀kan di ṣòkòtò mi mú ní ìbàdí.

“Wọ inú ọkọ̀!”

“Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi.” Ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Túndé gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n lè rí i. Kò pariwo. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ṣe? Òfin ní kí ẹ sọ ẹ̀sùn ẹni tí ẹ bá mú fún un. Ibo lẹ sì ń gbé e lọ, kí ìyàwó ẹ̀ lè mọ̀?”

“Ṣé lọ́yà ni ẹ́ ni?”

“Rárá sà. Ọmọ Nàìjíríà ni mí.”

Ọkùnrin náà wò ó títí, ó wá tú mi sílẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Àmọ́ mo rí ojú tí Ṣadé fi wo Túndé. Kò fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò mí rí. Bí a ti ń mu gàrí nílé, ó ní, “Bí kì í bá ṣe Bọ̀dá Túndé ńkọ́?” Ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó bu ẹ̀wà sí abọ́, ó gbé e gòkè fún un, nígbà tí àwa fúnra wa ò yó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń tẹ́tí sí ẹ̀rín wọn lókè. Owú jẹ mí ju ebi lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin ilẹ̀ wa lórí fóònù. Kì í ṣe nítorí ìlú. Mo fẹ́ kí ẹnu mi tó ti Túndé ni.

Ìjà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń mú èèyàn ò kúrò lọ́nà. Lọ́jọ́ kan, ní Mazamaza, wọ́n ń wọ́ obìnrin onídìrí kan jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo sún mọ́ wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ṣe?”

Wọ́n gbá mi létí. Mo tún bi wọ́n. Wọ́n gbé e lọ, mo tẹ̀ lé wọn dé àgọ́ wọn, mo ní mi ò ní kúrò àfi tí wọ́n bá sọ ẹ̀sùn ẹ̀. Wọn ò rí kankan sọ. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún. Kò tiẹ̀ mọ orúkọ mi.

Mo délé, mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún Ṣadé. Ó fi omi gbígbóná jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú. Ó wá ní:

“Bọ̀dá Túndé kọ́ yín dáadáa.”

Túndé ti kó lọ sí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ìbọn ti dákẹ́ ládùúgbò wa. Nígbà mìíràn ilé á pa rọ́rọ́, Ṣadé á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa wo ìta. Èmi tí mo bi oníbọn léèrè ọ̀rọ̀, mi ò tíì lè bi í pé kí ló ń rò.