Màlúù Tó Lọ sí Ilé Ìwòsàn Ènìyàn

Gbogbo agbègbè Goro ló mọ Imorou. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ túlẹ̀ kíákíá nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí, òun àti màlúù rẹ̀ méjèèjì, Sùúrù àti Kọmandáǹ. Ilẹ̀ tí ẹlòmíì ń tú lọ́jọ́ mẹ́ta, Imorou á tú u lọ́jọ́ kan àbọ̀, á sì tún máa fọ́nnu lé e lórí. Wọ́n ní agbára bàbá rẹ̀ ló wà nínú apá rẹ̀. Irọ́ ni. Tiramọ́ọ̀ ló wà nínú apá rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ tiramọ́ọ̀, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Oògùn ìrora ni, irú èyí tí dókítà ń fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ṣùgbọ́n Sikirath ń tà á nínú abọ́ lẹ́bàá títì ní Tchatchou, lábẹ́ ẹ̀pà sísun, àwọn àgbẹ̀ sì ń gbé e mì bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà náà. Kì í jẹ́ kí oòrùn ta ẹni, kì í jẹ́ kí ebi rántí ilé. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀yìn ń dun Imorou, ẹyọ kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ti di mẹ́fà láàárọ̀, mẹ́rin lọ́sàn-án, ẹ̀yìn náà ò sì yéé dùn ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ọmọlúàbí ni ti Kọmandáǹ. Ọ̀lẹ ni màlúù yìí látilẹ̀. Bí oòrùn bá ti gun òkè, á dúró gbagidi láàárín poro, á máa wo Imorou láti òkè délẹ̀. Imorou rò ó títí, ó ní ohun tó bá dára fún olówó ẹran, ó yẹ kó dára fún ẹran. Ó lọ oògùn méjì, ó pò ó mọ́ eèrí àgbàdo, ó gbé e síwájú màlúù méjèèjì. Sùúrù gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé orí kúrò. Nínú àwọn mẹ́ta, òun nìkan ló ní làákàyè. Kọmandáǹ lá abọ́ náà mọ́ tónítóní, ó túlẹ̀ tiwọn tán, ó ré ààlà kọjá, ó sì wọ oko iṣu Bassirou, ó ń hú u ní ebè kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi bẹ Bassirou. Imorou kò kọ́gbọ́n. Ojoojúmọ́ ló ń fún Kọmandáǹ ní méjì, ó sì ń fi í yangàn.

Lẹ́yìn náà ni Kadidjatou ìyàwó rẹ̀ bí ọmọbìnrin, lẹ́yìn ọkùnrin mẹ́ta tí Amidou jẹ́ àgbà wọn. Imorou yọ̀ débi pé ó ń kí ẹni tí kò bá a yọ̀. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, níwájú àwọn àlùfáà àti gbogbo ẹbí, wọ́n ní kí bàbá gbé Habibath káwọn èèyàn rí i. Kò tíì ráyè gbé oògùn mì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ọmọ sì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ló yọ ọ́, Kadidjatou fi itan gbà á. Ìgbà tí àwọn èèyàn jẹun tán tí wọ́n lọ ló tó la ẹnu.

"Bàbá Amidou, ẹ ò ní gbé ọmọ yìí mọ́, àfi bí ọwọ́ yín bá dúró jẹ́ẹ́."

"Ibà ni," ni Imorou wí.

Láti ọjọ́ yẹn, Imorou kàn ń wo ọmọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni. Ọmọ á rẹ́rìn-ín, a máa ta á lọ́kàn. Ọmọ á sunkún, Imorou á dìde, á sì tún jókòó. Kò sí ohun tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí, àní ikú bàbá rẹ̀ pàápàá.

Ìyẹn ò sọ pé ó jáwọ́. Ó di ìgbà tí Sikirath kò wá sẹ́bàá títì fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ní ọjọ́ kejì, Kọmandáǹ dùbúlẹ̀, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Imorou náà ń yán, imú ń dà, òógùn bò ó, egungun ń ro ó, inú rẹ̀ ò dúró sójú kan. Kí ọkùnrin tó lágbára jù ní Goro wá jáde kó ní oògùn ti sọ òun di ẹrú? Ojú á tì í. Ṣùgbọ́n àìsàn màlúù ò ní ìtìjú nínú. Ó ránṣẹ́ pe tata Títílọpẹ́, dókítà ẹran, obìnrin ará Savè kan tó ń gun alùpùpù kiri àwọn abúlé.

"Tata, màlúù mi ń kú lọ."

"Kí ló jẹ?"

Imorou wolẹ̀. "Tiramọ́ọ̀."

"Mélòó lóòjọ́?"

"Mẹ́fà láàárọ̀, mẹ́rin lọ́sàn-án." Tara rẹ̀ ló kà. Kọmandáǹ ò jẹ ju méjì lọ rí.

"Ṣé ó ń sùn?"

"Kò sùn rárá. Ó kàn ń yí kiri lórí ẹní ni."

Títílọpẹ́ gbójú sókè. "Lórí ẹní?"

"Lórí ilẹ̀ ni mo fẹ́ wí."

"Ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Tẹ́lẹ̀, ó lè lo ọjọ́ márùn-ún kó má rí i ṣe. Báyìí, kò ráyè kúrò ní ṣáláńgá."

"Màlúù?"

Títílọpẹ́ rọra bi í pé: "Ǹjẹ́ ó ti ṣubú rí, kí ara rẹ̀ le gbagidi, kó máa gbọ̀n, kó má mọ ibi tó wà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan lóko, ẹ̀ẹ̀kan ní mọ́sálásí."

Kadidjatou tó ń fún ọmọ lọ́mú lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín ọ̀hún tán tí ẹkún fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó fi gèlè bo ojú.

Títílọpẹ́ kì í ṣe ọmọdé. "Bọ́n," ló wí. "Èyí tó dùbúlẹ̀ síhìn-ín, mo lè tọ́jú rẹ̀. Omi púpọ̀, koríko tútù, ìsinmi, ẹ má sì fún un lóògùn yẹn mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n èyí tó ń lọ sí mọ́sálásí yẹn, agbára mi ò ká a. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ mú un lọ bá tonton Òjó nílé ìwòsàn ní Ọjọ́bọ̀. Màá ti pè é sílẹ̀ lórí fóònù."

Ọ̀rọ̀ yé Imorou yékéyéké. Ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kó lè dá lọ. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ó so okùn mọ́ Kọmandáǹ, ó fà á lọ sí ilé ìwòsàn ènìyàn. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wá gba abẹ́rẹ́ kún orí bẹ́ǹṣì. Ìyá àgbàlagbà kan bi í pé ta ni ara rẹ̀ ò yá.

"Òun ni," ni Imorou wí, ó sì nawọ́ sí màlúù.

Tonton Òjó, nọ́ọ̀sì ọkùnrin tó ti ń hewú, jáde wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n so aláìsàn mọ́dìí igi, ó mú ìwé ìtọ́jú tuntun, ó sì kọ "Kọmandáǹ" sẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ di apá Imorou.

"Tonton, màlúù ló ń ṣàìsàn o."

"Mo mọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó di okùn mú bá ga, ti màlúù náà á ga."

Ó pe dókítà kan ní Parakou, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti Imorou. "Kọmandáǹ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ara rẹ̀ ló ti kọ́ láti má lè ṣe é láìsí nǹkan yìí. Bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ó lè ṣubú kó má dìde. A máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, èyí tí a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ la ó sì máa lò, kì í ṣe ti abẹ́ ẹ̀pà. Ìyàwó olówó màlúù ni kó máa tọ́jú oògùn náà. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí sodabi. Bí ọkàn rẹ̀ bá bàjẹ́, kó wá bá mi sọ̀rọ̀."

"Màlúù kì í sọ̀rọ̀, tonton."

"Kó ṣáà wá."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀, Kadidjatou á ka oògùn sí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, á ní, "Ti Kọmandáǹ rè é." Imorou á gba ẹ̀yìn ilé lọ gbé e mì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ìyà jẹ ẹ́ gan-an, ó sì sá lọ bá Sikirath. Lọ́jọ́ kejì ló lọ jẹ́wọ́ fún tonton Òjó pé Kọmandáǹ ti já okùn. Tonton ò bú u. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní kí Kọmandáǹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Ní gbogbo àsìkò yìí, Kọmandáǹ fúnra rẹ̀ ti yá láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ti sanra, ara rẹ̀ ń dán, ó sì ti jẹ ìwé ìkìlọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára méjì kúrò lára ògiri ilé ìwòsàn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹjọ, tonton Òjó wo màlúù náà títí. Kọmandáǹ ké muu, ó sì ṣu igbá ìgbẹ́ kan sílẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Tonton kọ ọ̀rọ̀ méjì sínú ìwé, ó sì pa á dé. "Kọmandáǹ ti yá. Ẹ mú un lọ sóko. N ò fẹ́ rí i níbí mọ́."

Ẹ̀rù ba Imorou. Oògùn ṣì ku mẹ́ta lóòjọ́. Ta ni yóò bá a sọ ẹrù yìí kalẹ̀?

"Tonton, ó ku mẹ́ta."

"Ti ta ni?"

Imorou wo màlúù. Màlúù ń jẹ àpọ̀jẹ rẹ̀.

"Tèmi ni."

"Mi ò gbọ́."

"Tèmi Imorou ni! Kọmandáǹ ò dé mọ́sálásí rí!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbàlagbà náà ló sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ǹṣì: "A mọ̀, ọmọ mi. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ la ti mọ̀." Tonton Òjó ti mú ìwé tuntun. Ó bi í lórúkọ, ó bi í lọ́jọ́ orí, ó bi í níṣẹ́, Imorou sì ń dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kadidjatou wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ọmọ ló bá wá. Ó dìde, ó tú Habibath lẹ́yìn, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. "Bàbá Amidou, ẹ gbà á."

Ohun tó ti ń wá láti oṣù mélòó kan rè é. Imorou na ọwọ́ méjèèjì. Ó wò wọ́n. Ti ọ̀tún dúró. Ti òsì ṣì ń gbọ̀n. Ó ká wọn padà sórí itan.

"Ó kù díẹ̀," ló wí. "Ẹ bá mi dì í mú ná."

Kadidjatou jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọmọ lé itan ara rẹ̀, wọ́n sì jọ dúró de tonton Òjó kó kọ̀wé tán.