Igba Mítà Nínú Omi

Èmi ni mo ní kí ó kọ “bẹ́ẹ̀ ni.” Ìka rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan “bẹ́ẹ̀ kọ́” lójú fóònù nígbà tí ó gbójú sókè tí ó bi mí léèrè, nítorí ìwà rẹ̀ ni láti kékeré pé kì í ṣe nǹkan pàtàkì láìjẹ́ pé mo gbọ́ sí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ṣàngó la jókòó sí, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ọmọ ọmọbìnrin mi ni. Ìyá rẹ̀ wà ní Kánò lọ́dọ̀ ọkọ, òun sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì tó wà ní Malete, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀.

Àwọn olùwádìí kan nílẹ̀ òkèèrè ló fi fọ́ọ̀mù náà síta. Wọ́n ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún oṣù méjì ní erékùṣù kan, kí ó máa bá wọn ka ìjàpá òkun, kí ó máa wọn igbá ẹ̀yìn wọn, kí ó sì máa fi àmì kékeré sí wọn lápá kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ padà. Àwọn ni yóò ru ìnáwó gbogbo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo bi í pé kí ni ìjàpá ṣe tí èèyàn yóò fi sọdá òkun torí àtikà á. Ó ní wọ́n ń tán lọ ni, pé ohun tí a kò bá kà, a kò ní í mọ ọjọ́ tí yóò tán. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti tán lójú mi tí n kò kà.

Ìbéèrè tó dá a dúró lórí fọ́ọ̀mù ni pé ṣé ó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ìdílé wa. Nígbà èwe mi, odò Aṣá kò jìnnà sí agboolé wa, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Bí mo bá pẹ́ kí n tó ti ilé kéwú dé, ìyá mi á ní kí n na apá, á fi èékánná fa ìlà sí i. Bí ìlà náà bá funfun, mo ti wọ odò nìyẹn, pàṣán sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ tó gbọ́n máa ń fi epo para kí wọ́n tó wọlé. Èmi kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, mo kúkú jìnnà sómi. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni mo ṣe tọ́ ìyá ọmọ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ṣe tọ́ òun náà.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi ní kí ó kọ ohun tí ó kọ. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, láyé ìgbà tí wọ́n ń bá akẹ́kọ̀ọ́ fọ aṣọ, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí a ń jẹ adìyẹ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú bí ọmọ ọba, olùkọ́ wa kan tó jẹ́ òyìnbó fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ ọkọ̀ ojú omi fún oṣù mẹ́ta, láti wádìí àwọn ẹja inú òkun. Nígbà tí wọ́n ṣà wá títí, ó ku èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Wọ́n fún àwa méjèèjì ní ìwé pé kí a dáhùn àwọn ìbéèrè inú rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè nípa omi, mo kọ òtítọ́. Ọ̀rẹ́ mi, tí kò mọ omi jù mí lọ, kọ “bẹ́ẹ̀ ni.” Òun ló lọ. Ó dé padà pẹ̀lú fìlà àwọn atukọ̀, ó sì dé e káàkiri ọgbà títí a fi jáde. Nígbà tó yá, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi ṣiṣẹ́ ìjọba ní GRA, mo ń buwọ́ lu fáìlì títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò sọ pé ayé mi bàjẹ́ o. Mo bímọ, mo kọ́lé, Alihamudulilahi. Ṣùgbọ́n ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo fi gbà lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo kọ sínú ìwé ló pààlà sáàárín èmi àti òkun.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí mo sọ fún un pé: “Kọ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ sí fọ́ọ̀mù òyìnbó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá mú ọ, a ó wá ẹni tí yóò kọ́ ọ.”

“Bàbá, ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?”

“Kì í ṣe irọ́. Ohun tí o máa mọ̀ lọ́la lo kọ lónìí.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n mú un. Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, àwọn alfa sì ṣe àdúà fún un. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Ìyá Ìjàpá. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ létà tí wọ́n fi mú un, wọ́n kọ ọ́ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi fídíò ara rẹ̀ ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, níbi tí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ igba mítà láìdúró. Inú ọkọ̀ kékeré lójú agbami ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹni tí kò bá sì lè ṣe é kò ní í wọ ọkọ̀.

Ìyẹn ló gbé wa dé púùlù hótẹ́ẹ̀lì kan ní GRA, ní gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ èèyàn ní ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń pè é ní Kóòṣì. Ọmọ-ọmọ mi wọ irú aṣọ omi tó bo ara láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀, èmi jókòó sórí àga rọ́bà lábẹ́ agbòòrùn, pẹ̀lú tẹ̀súbáà mi lọ́wọ́. Láti òpin kan púùlù náà dé òpin kejì jẹ́ ogún mítà. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni yóò là á já láìfẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kò lè ki ojú bọ omi. Á mí sínú, á tẹríba, á sì tún yọ sókè tòun ti ikọ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti wúkọ́, èmi náà á dìde kúrò lórí àga. Láti ṣe kí ni? Bí mo bá kó sómi, babaríga mi nìkan tó láti fà mí lọ sísàlẹ̀. Màá tún jókòó. Kóòṣì rí mi, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ bọ́ sínú omi kí ẹ fi han Àǹtí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.” Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní tèmi ti dọjọ́ tí àwọn alfa bá fẹ́ wẹ̀ mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń léfòó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó la púùlù já lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bí ó ti dé etí kejì, ó rọ̀ mọ́ ògiri bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló lè ṣe pọ̀ láìdúró. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀rù á bà á ní àárín, ọwọ́ rẹ̀ á máa lu omi bí ẹni tó ń lé oyin. Kóòṣì sọ fún mi ní kọ́rọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti agbára, ọdún díẹ̀ ló máa gbà kí ẹ̀rù yẹn tó kúrò lára rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ọjọ́ Àlàrùbá ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo pe ọ̀rẹ́ mi ní Ọ̀mù-Àrán, níbi tó fẹ̀yìn tì sí. Mo fẹ́ kí ó sọ ọgbọ́n tí ó dá nígbà náà, kí n lè kọ́ ọmọ. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ ìlúwẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ wọn tó gbéra. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

“Ìlúwẹ̀ẹ́ wo? Ọjọ́ kìn-ín-ní ni ọ̀gá ọkọ̀ ti mọ̀. Ó ní kí gbogbo wa bẹ́ sómi ká lúwẹ̀ẹ́ yí ọkọ̀ po, mo bá dúró gbagidi. Okùn ni wọ́n so mọ́ mi ní ìbàdí láti ọjọ́ yẹn, wọ́n so ìdí rẹ̀ mọ́ irin, bí àgbò iléyá. Oṣù mẹ́ta ni mo fi fọ ìgò tí wọ́n ń kó ẹja sí.”

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi láti ọdún yìí wá.

“O ò bi mí. Fìlà lò ń wò.”

Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní ìjì kan jà lọ́jọ́ kan, omi gbá òun kúrò lórí ọkọ̀, okùn yẹn ni wọ́n fi fa òun padà. Ó ní látìgbà náà, bí òun bá ń wẹ̀ nílé pàápàá, òun kì í da omi sójú. Ó wá bi mí pé ta ló fẹ́ lọ sókun. Mo ní kò sí.

Ó yẹ kí n pe ọmọ náà ní Malete lójú ẹsẹ̀. N kò pè é. Mo sọ fún ara mi pé kí n jẹ́ kí ó tún gbìyànjú ná, bóyá Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì títí di Sátidé.

Ní Sátidé yẹn, lẹ́yìn tí ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta tí kò bọ́ sí i, Kóòṣì wá jókòó tì wá. Ó ní ọmọbìnrin kan wà tó máa ń wá síbẹ̀, òmùwẹ̀ gidi, ìrísí àwọn méjèèjì sì jọra. Bí onítọ̀hún bá wọ irú aṣọ yìí, tí ó dé fìlà rọ́bà, tí ó fi awò omi bojú, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé kì í ṣe òun. “Ìṣẹ́jú mélòó ni?” ni ó wí. “Fídíò lásán ni wọ́n ń béèrè. Tí Àǹtí bá dé ọ̀hún, wọn ò lè dá a padà mọ́.”

 Èmi ni ọmọ-ọmọ mi yíjú sí. Omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

“Bàbá, kí lẹ wí?”

 Bí mo bá ní kí ó ṣe é, inú agbami ni mo rán an lọ yẹn. Bí mo bá ní kí ó má ṣe é, èmi tí mo ní kí ó ṣílẹ̀kùn ni mo tún ń tì í mọ́ ọn lójú. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní láyé ni mo ti fún un, ó sì ti hàn pé kò ní ìpìlẹ̀. Mo bá sọ ìtàn okùn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tòun ti ìjì. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Ó fi aṣọ ìnura nu ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

“Ìgbà wo lẹ gbọ́ èyí?”

“Ọjọ́ Àlàrùbá.”

 Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní kí n ká òun sílẹ̀, pé bí òun bá dúró pàápàá, kí n má dá fídíò náà dúró. Ó padà sómi.

Ó lọ, ó bọ̀. Nígbà kẹta, ó di ògiri mú díẹ̀ kó tó yí padà. Nígbà kẹrin, ó dúró pẹ́. Nígbà karùn-ún, Kóòṣì fọn fèrè pé ó tó, ọmọ náà mi orí, ó tún gbéra. Ní ẹ̀ẹ̀keje, ní àárín púùlù, ojú fóònù ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé orí rẹ̀ ti wọ inú omi, tí ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ṣì wà lókè. Ó kéré gan-an lójú fóònù yẹn. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kò yé mi pé iwájú mi ni nǹkan tí mo ń wò ti ń ṣẹlẹ̀. Kóòṣì bẹ́ sómi tòun ti ṣòkòtò àti bàtà. Èmi kò kúrò lójú kan. Ọwọ́ mi ṣì na fóònù náà gan-an bí ó ṣe ní kí n nà án.

Wọ́n gbé e jókòó sí etí omi. Ó bì, ó wúkọ́, ó mí. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ṣé ẹ ò dá a dúró?”

Mo ní n kò dá a dúró.

Fídíò yẹn gan-an ló fi ránṣẹ́ sí wọn, títí dé ibi tó ti rì. Ó kọ létà tẹ̀ lé e pé òun kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí òun kọ fọ́ọ̀mù, òun kò sì tíì mọ̀ ọ́n tó báyìí, kí wọ́n forí jì òun. Ó tún béèrè bóyá iṣẹ́ kan wà lórí iyanrìn tí òun lè ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi kún un pé bàbá ìyá òun ló ki òun láyà. Ó ní, “Ìka mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, Bàbá.”

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni èsì dé. Nígbà tó wá ní òpin ọ̀sẹ̀, ó kà á fún mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ pé ó sọ òtítọ́, wọ́n ní ó dun àwọn, ṣùgbọ́n àwọn ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ orí iyanrìn ti pé. Létà náà tutù, ó ní ọ̀wọ̀, kò sí ibi tí èèyàn lè dì mú láti bá wọn jà.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ó ń lọ àwọn aṣọ rẹ̀ kí ó tó padà sí Malete. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ láti àárọ̀. Mo lọ bá a nínú yàrá, mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, mo fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí mi kọ́ ọ lọ́gbọ́n, mo sì tún pa òtítọ́ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò sunkún lójú mi.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀ mí mọ́. Bí ẹ bá ń bẹ̀ mí, èmi ni mo tún máa rẹ̀ yín lẹ́kún, bẹ́ẹ̀ ẹkún tèmi gan-an kò tíì dá.”

 Ó mú áyọ́ọ̀nù padà, ó tẹ́ híjáàbù kan sílẹ̀, ó fi omi wọ́n ọn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó bí ó ṣe ń lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń ká wọn sínú báàgì. N kò sì mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí.