Àgúnmu Télọ̀ Tí Oorun Ń Kùn

Oorun tó bá télọ̀ wa jà lọ́dún tó bí ọmọ rẹ̀ kejì, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀. Ọmọ ń sùn lọ́sàn-án, ó ń ṣeré lóru, ìyá rẹ̀ sì ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Lọ́jọ́ kan, ó rán ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà kan pa. Ọkùnrin náà ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ ò jáde.

"Télọ̀, ibo lẹ ní kí n gbà jáde?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ló ń dùn ún. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń ṣèlérí pé àwọn á jọ fo okùn ní Sátidé, tí oorun á sì gbé e lọ. Lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ náà ò tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó rọra ká okùn rẹ̀, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn dun télọ̀ dé egungun.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ ẹlẹ́gbòogi lọ, ó ra àgúnmu tó ń lé àárẹ̀, ike kan.

"Ó korò o," ẹlẹ́gbòogi kìlọ̀ fún un, "ṣùgbọ́n wàá sáré ju ẹṣin lọ!"

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé ike náà fún ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá kí wọn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi po èyí. Bó le bó rọ̀, mo máa fo okùn lónìí."

Màmá wo ike, ó wo ojú rẹ̀ tó ti wọnú. "Ó dáa, ìyàwó mi."

Nígbà tí ife dé, télọ̀ fọwọ́ di imú, ó gbé e mì. Háà, ó dùn! "Ẹlẹ́gbòogi yìí mọṣẹ́ o," ló ń sọ nígbà tí ojú rẹ̀ ń pa dé. Ó ní kóun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

Ìgbà tó máa lajú, oòrùn ti fẹ́ wọ̀.

"Yéè! Mo tún ti já ọmọ mi kulẹ̀!"

Ó sáré jáde. Màmá pọn ọmọ kékeré sẹ́yìn. Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, okùn wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Màmá àgbà ní kí n má jí yín," ọmọ náà wí. "Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá sùn tó, ẹ máa fò."

Ó sì fò! Ó fò títí bàtà rẹ̀ kan fi bọ́ sọ́gbà aládùúgbò. Ọmọ ń pariwo, "Ẹ tún fò! Ẹ tún fò!" Inú télọ̀ dùn bí ẹni pé òun gan-an lọmọdé.

"Màmá," ó ń mí hẹlẹ, "àgúnmu yìí mà ṣiṣẹ́ o! Mo máa ra ike mìíràn."

Màmá yọ ike náà lápò. Wọn ò tíì ṣí i rárá.

"Mílíìkì gbígbóná ni mo fún ẹ. Ṣé èmi náà ò tọ́mọ rí ni? Oorun ló ń pa ẹ́, ìyàwó mi. Láti òní lọ, èmi ni mo ni ọmọ yìí ní gbogbo Sátidé. Ìwọ máa sùn."

Télọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló jáde.

"Màmá àgbà," ọmọbìnrin náà ké, "ó kàn yín!"

Màmá tú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e fún télọ̀, ó di ìró rẹ̀ le. "Ẹ yàgò fún mi," ló wí.