Fèrèsé Tí Màdáàmù Máa Ń Tì

Màdáàmù tó kọ́ wa ní ìlú Bantè kì í ṣí ìwé ìtàn láìkọ́kọ́ ti fèrèsé. Àwọn àgbà ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, nítorí náà wọ́n á sọ kíláàsì di òkùnkùn díẹ̀, wọ́n á wá máa fi èdè wa sọ ohun tí wọ́n ń kà ní Faransé.

Lọ́jọ́ kan, ìtàn ọmọbìnrin tó ń purọ́ pé bàbá òun wà lájò ni wọ́n kà. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì pé ìyá mi ń tajà ní Savalou, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, Màdáàmù kò tíì ṣí fèrèsé. Wọ́n ti rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n dúró.

“Ti ọmọ inú ìwé nìyẹn. Tìẹ ńkọ́?”

“Ara ìyá mi ò yá, Màdáàmù. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní padà.”

Lọ́jọ́ Sátidé, Màdáàmù fi alùpùpù wọn gbé mi lọ sí Savalou. Ìyá mi ti rù, ṣùgbọ́n wọ́n lè jókòó lórí ibùsùn. Mo ní mo fẹ́ pàlọ́ fún wọn. Ni Màdáàmù bá dìde lọ ti fèrèsé.

“Ẹ̀yin olùkọ́ yìí,” ni ìyá mi wí, “ṣé ẹ fẹ́ kí ooru parí ohun tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ni?” Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò lè sọ pé àlọ́ ló wò wọ́n sàn. Dókítà ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọjọ́ náà, etí mi ni mo fi gbọ́ ọ, Màdáàmù ló sì gbé mi débẹ̀.