Ọmọ Kan, Yàrá Mẹ́ta

Mo ṣì kéré, mi ò tíì mọ owó ọjà kà dáadáa, nígbà tí bàbá ilé kejì sí tiwa kú ní Òṣogbo. Iwájú ilé wọn ni mo ti ń ta ẹ̀pà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ tí etí mi ò gbà. Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí tí ẹ ń béèrè bí wọ́n ṣe ń pín ogún kí lọ́yà tó pọ̀ nílùú, ẹ fara balẹ̀.

Ìyàwó méjì ni bàbá náà fi sílẹ̀. Ìyáálé bí ọmọ méje, gbogbo wọn ló ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ìyàwó kejì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà láti Ọ̀tan-Ilé, bí ọmọbìnrin kan péré. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ilé oníyàrá mẹ́fà ni ogún tó wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yé yín: láyé ìgbà náà, obìnrin kì í jogún ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ọmọ ló ń jogún bàbá, abẹ́ ọmọ ni ìyá ti ń ríbi sùn. Bí ọ̀rẹ́ mi ò bá rí yàrá gbà, ìyá rẹ̀ á palẹ̀ ẹrù mọ́, ó di Ọ̀tan-Ilé.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹbí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àbúrò olóògbé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní orí-ò-jorí ni kí wọ́n pín in, ìyẹn ni pé kí wọ́n ka ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́jọ, yàrá mẹ́fà. Ó ní kí ọmọbìnrin tí yóò lọ sílé ọkọ bó bá dàgbà fi tirẹ̀ sílẹ̀, kó gba ẹní àti àwo.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi ní ìdí-igi ni òun bá nínú ẹbí náà. Ìdí-igi ni pé ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ jẹ́ ìdí kan: ìyàwó méjì, ọ̀nà méjì, ì báà jẹ́ ọmọ kan ló bí.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ yìí rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, ṣebí ibi tí wàá sùn lò ń wá? Wá fẹ́ mi, o ò ní kúrò nílé.”

“Ọkọ mi, yàrá ni mo béèrè fún ọmọ mi. Mi ò béèrè ẹni tí a ó jọ sùn níbẹ̀.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹ̀pà nù níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé, arúgbó obìnrin kan tó ti ń fín aṣáà láti àárọ̀, wá kọjú sí ọkùnrin náà. “Nígbà tí bàbá wa kú, àwa márùn-ún ni ìyá mi bí. Ìwọ nìkan ni ìyá tìrẹ bí. Báwo la ṣe pín oko kòkó?”

Arúgbó náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn.

“Ìdí-igi ni. O gba ìdajì, àwa márùn-ún ń wo ara wa lójú. O wá jẹ tìrẹ tán, o fẹ́ yí ìṣirò padà fún ọmọ ọlọ́mọ.”

Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe gba yàrá mẹ́ta nìyẹn. Ìyáálé sunkún. Mo káàánú òun náà, nítorí ọmọ méje nínú yàrá mẹ́ta, wọ́n há mọ́ra bí iṣu inú àpò. Nígbà tí ọyẹ́ mú, àwọn kan nínú wọn ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wúkọ́. Ìyá ọ̀rẹ́ mi jáde, ó kó wọn wọ ọ̀kan nínú yàrá ọmọ rẹ̀.

Ìyáálé ní, “Ṣé o ti fún wọn ní yàrá yẹn ni?”

“Rárá o, ìyáálé mi. Oorun ni mo fún wọn.”

Ìyáálé bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

Ayé ti yí padà. Obìnrin tó bá ṣègbéyàwó ní kóòtù ní ìpín tirẹ̀ báyìí, ẹni tó bá sì ní nǹkan lè kọ ìwé ìhágún nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là. Lọ́yà ti bá mi kọ tèmi, mo tẹ ìka sí i. Mo ní kó kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ìpín rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá ka orí tàbí ìdí lẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá mú, tí ọmọ ẹnì kan nínú wọn ń wúkọ́ ní ìta, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un? Mo bi lọ́yà. Ó ní ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ òun.